Iyọ̀ funfun lórí ebè ní Kádàwá: báwo la ṣe ń gba ilẹ̀ oníyọ̀ padà?

Aláàlùbọ́sà Kádàwá

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi o. Sábọ́ngàrí ní Kánò ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, ọdún kẹfà sì rèé tí mo ti ń yá ilẹ̀ dá oko ẹ̀ẹ̀rùn ní Kádàwá, níbi tí omi ìdídò Tíga tí wọ́n parí ní 1974 ti ń ṣàn wọ oko wa. Hẹ́kítà méjì ni ilẹ̀ náà. Àlùbọ́sà ni mo ń gbìn sí apá kan, tòmátì ni mo ń gbìn sí apá kejì.

Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń rí ohun funfun kan lórí ebè láàárọ̀, àgàgà lásìkò ọyẹ́, bí ẹni pé wọ́n ku èlùbọ́ funfun sílẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni. Apá ìsàlẹ̀ oko, tó súnmọ́ kánààlì ńlá, ló pọ̀ sí jù. Àlùbọ́sà ibẹ̀ ń hù, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ewé rẹ̀ ń jóná, orí rẹ̀ kò sì tóbi ju ọmọ ayò lọ. Ibì kan tún wà láàárín oko tí ojú ilẹ̀ ti dúdú, tó le koko bí kọnkéré, tí omi ń dúró lé lórí fún odidi ọjọ́ mẹ́ta láìwọlé. Ẹnì kan ní kí n fi kún ajílẹ̀ tí mò ń dà, ẹlòmíràn ní kí n da eérú sí i, ẹnì kẹta ní kí n fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí n máa lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i kí ìgbà ìgbìn tó ń bọ̀ tó dé.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ sì kú ìnáwó. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ṣàpèjúwe nínú oko kan ṣoṣo, ohun tó sì ń tún ọ̀kan ṣe lè ba èkejì jẹ́. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Apá tó ń yọ iyọ̀ funfun ni ilẹ̀ oníyọ̀. Apá tó dúdú tó sì le yẹn jọ ilẹ̀ oníkáún lójú mi.

Ẹ jẹ́ ká mú ti iyọ̀ ná. Kò sí omi odò tí kò ní iyọ̀ nínú, bó ti wù kó mọ́ tó. Ká ní ìdajì gíráàmù iyọ̀ péré ló wà nínú lítà omi kan, èyí tí ahọ́n lè má mọ̀ rárá, tí ẹ sì da omi tó ga tó mítà kan sórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún, tọ́ọ̀nù iyọ̀ márùn-ún lẹ gbé wọlé yẹn. Irúgbìn á mu omi, oòrùn á fa omi, àwọn méjèèjì á sì fi iyọ̀ sílẹ̀. Iyọ̀ kì í jẹrà, kò sì sí oògùn tí ń pa á. Kó ṣí láti ibì kan lọ sí ibòmíràn nìkan ló lè ṣe. Bí kò bá rí ọ̀nà gbà jáde kúrò lábẹ́ gbòǹgbò, yóò máa kó jọ ni. Ohun tó tún ń burú sí i ni pé bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ju mítà kan ààbọ̀ sí méjì lọ sí ojú ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á máa fà á sókè bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Oòrùn á gbẹ omi náà lórí ebè, iyọ̀ rẹ̀ á sì kù síbẹ̀. Ibi tó bá súnmọ́ kánààlì tí omi ń jò lára rẹ̀ ni irú èyí ti ń kọ́kọ́ hàn.

Ti káún yàtọ̀. Gbogbo wa la mọ káún, tí àwọn Hausa ń pè ní kanwa, tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè Adágún Chad. Sodium ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi káún se ewédú rí mọ̀ bó ṣe ń tú ewé náà títí tí á fi yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ohun tó jọ ìyẹn ni sodium ń ṣe fún amọ̀: ó ń tú àwọn hóró amọ̀ tó ti di ara wọn mú, wọ́n á ṣàn wọ inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà, wọ́n á sì dí wọn pa. Bí ilẹ̀ náà bá tutù, ẹrọ̀fọ̀ ni. Bó bá gbẹ, òkúta ni. Káún a tún máa yọ́ ewé jíjẹrà tó wà nínú ilẹ̀, èyí ló sì ń mú kí ojú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀.

Nílé àyẹ̀wò, nọ́ńbà mẹ́ta lẹ ó béèrè. Àkọ́kọ́ ni EC, tó ń sọ bí iyọ̀ ti pọ̀ tó. Bó bá ti dé 4 dS/m, ilẹ̀ oníyọ̀ ni. Èkejì ni pH, tó ń sọ bóyá ilẹ̀ kan tàbí ó jẹ́ ti káún: bó bá ti ń ga sí i ni káún ń hàn. Ẹ̀kẹta ni ESP, ìyẹn ìdá sodium nínú àwọn èròjà tó rọ̀ mọ́ amọ̀. Bó bá ti ju 15 nínú 100 lọ, tí pH sì ju 8.5 lọ, káún ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ wà ní Samaru ní Zaria àti ní Yunifásítì Bayero ní Kánò, ẹ kò ní rìn jìnnà. Ẹ má ṣe bu iyẹ̀pẹ̀ níbi funfun nìkan. Ẹ bù ú níbi tó dára náà, kí ẹ sì bu ti òkè lọ́tọ̀, ti 20 sí 40 sẹ̀ǹtímítà lọ́tọ̀, ti 40 sí 60 lọ́tọ̀.

Aláàlùbọ́sà Kádàwá

Ẹ ṣeun gan-an ni, Olùkọ́. Mo máa lọ sí Zaria. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí ohun tí mo lè fi ojú ara mi rí lóko kí èsì tó jáde?

Ìyá Oníresì

Ó wà, ọmọ mi. Bu omi òjò, tàbí omi inú ọ̀rá bí òjò kò bá sí, sínú ife dígí tó mọ́. Mú ògúlùtu iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kan tó tó hóró ẹ̀wà, rọra sọ ọ́ sínú omi náà, má rò ó, má mì í. Padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí méjì, kí o sì tún wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí omi náà bá mọ́ kedere, tí ògúlùtu náà kàn fọ́ sísàlẹ̀, káún kọ́ ló ń dà ọ́ láàmú. Bó bá ń tú èéfín funfun jáde bí wàrà tí wọ́n kán sínú omi, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, káún ni. Ọwọ́ ọ̀gá àgbẹ̀ kan ní Hadejia ni mo ti kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sì ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó bà mí nínú jẹ́ kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé jípísọ́mù, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti fi tún ilẹ̀ oníkáún ṣe, ni ilẹ̀ mi ń fẹ́, ogójì àpò ni mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Mo dà á tán, n kò rí ìyàtọ̀ kankan fún odidi ọdún kan. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ẹnì kan fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí èyí tó kù nílẹ̀, ló bá ń hó ṣàràṣàrà. Ẹfun lásán ni wọ́n tà fún mi! Jípísọ́mù kì í hó bí omi ọsàn tàbí fínígà bá kàn án. Kí o tó sanwó, fún ọsàn sí i.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀

Ìyá, ẹ ṣeun fún ẹ̀rí yìí. Ẹfun náà ní calcium nínú, èròjà tí ń lé sodium kúrò lára amọ̀, ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ tí pH rẹ̀ ti ga, kì í yọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí ìyàtọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ife dígí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ gan-an nínú ilẹ̀, ó lè bo iṣẹ́ káún mọ́lẹ̀, omi á mọ́, a ó sì rò pé kò séwu. Ẹ fi omi òjò fọ díẹ̀ lára iyẹ̀pẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tún dán an wò. Irú ilẹ̀ tó ní iyọ̀ àti káún pọ̀ ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé bí a bá fi omi mímọ́ fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò láìkọ́kọ́ fi jípísọ́mù sí i, ó lè dí pa, kó di pé omi kò tún ní wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ará Fresno

Ẹ kú àtàárọ̀ o. Kalifóníà ni mò ń gbé, oko ọlọ́pọ̀ hẹ́kítà ní àfonífojì San Joaquin ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ìbomirin láti ìgbà pípẹ́. Mo rí i pé ẹ ti ń sọ̀rọ̀ jípísọ́mù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi èmi náà: omi tí ẹ ó fi fọ iyọ̀ kúrò, ibo ni yóò gbà jáde, ta ni yóò sì gbà á? Bí kò bá sí gọ́tà tó jinlẹ̀, bí ẹ ti ń da omi sílẹ̀ láti fọ̀ ọ́ ni omi abẹ́ ilẹ̀ á máa gòkè, iyọ̀ tí ẹ lé wọlẹ̀ lónìí á sì padà lọ́la.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, wọ́n da omi gọ́tà àwọn oko apá ìwọ̀-oòrùn àfonífojì náà sínú adágún Kesterson. Ní 1983, wọ́n rí i pé àwọn ẹyẹ ibẹ̀ ń pa ọmọ tí kò ní ojú, tí àgógó wọn wọ́, nítorí selenium, èròjà kan tí ń di májèlé bó bá pọ̀, tí omi náà ń fọ̀ bọ̀ láti inú ilẹ̀. Wọ́n ní láti ti ọ̀nà omi náà pa. Ní Pakistan, láti ọdún 1960 síwájú, wọ́n gbẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kànga onípáìpù láti fa omi abẹ́ ilẹ̀ sísàlẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí omi náà ti dùn, ṣùgbọ́n níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti níyọ̀, àwọn àgbẹ̀ tó fi í bomi rin oko tún ń da iyọ̀ padà sórí ilẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣe ohun yìí, owó kékeré ni yóò ná yín. Ẹ gbẹ́ ihò tóóró tó jìn tó mítà méjì ààbọ̀ sí ìsàlẹ̀ oko, ẹ gbẹ́ ọ̀kan sí òkè, ẹ ki páìpù tí ẹ ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára bọ̀ ọ́, ẹ dé e lórí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ wọn ibi tí omi wà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Láìsí nọ́ńbà yẹn, n kò lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra àpò jípísọ́mù kan ṣoṣo.

Ọmọ Zaria

Mo fara mọ́ ohun tí ará Fresno sọ. Ní agbègbè wa, gọ́tà kì í sábà ṣàìsí. Koríko kachalla ló ń dí i, tàbí kí ẹnì kan ti fi iyẹ̀pẹ̀ dí i kó lè gbin ìrẹsì sójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ rìn lọ sí ìsàlẹ̀ gọ́tà yín títí dé ibi tó ti bọ́ sódò kí ẹ tó sọ pé ẹ ní gọ́tà. Gbogbo àgbẹ̀ tó ń lo ojú gọ́tà kan náà ló gbọ́dọ̀ pa ọwọ́ pọ̀ gbẹ́ ẹ, ẹnì kan kò lè dá a ṣe.

Lórí eérú: ẹ má ṣe dà á síbẹ̀, mo bẹ̀ yín. Eérú dára lórí ilẹ̀ kíkan bí irú èyí tí àwọn bàbá wa ń ro lágbègbè igbó, ṣùgbọ́n ṣe ni yóò tún pH ilẹ̀ oníkáún gbé sókè sí i. Ìgbẹ́ adìyẹ pẹ̀lú ní iyọ̀ nínú. Ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa àti pòròpórò ọkà bàbà tí a gé wẹ́wẹ́ ló sàn jù, nítorí wọ́n ń la ilẹ̀ fún omi.

Agbẹ́bè

Àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń wẹ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti bí a ṣe ń jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí omi bá wà ní poro méjèèjì, ó ń fa iyọ̀ gòkè lọ sí góńgó orí ebè, ibẹ̀ gan-an la sì ń gbin nǹkan sí! Ẹ mú ebè yín fẹ̀, kí ẹ gbìn sí èjìká rẹ̀ lápá méjèèjì, kí ẹ fi góńgó àárín sílẹ̀ fún iyọ̀. Tàbí kí ẹ da omi sí poro kan, kí ẹ fo èkejì: iyọ̀ á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó gbẹ. Ẹ fi koríko bo orí ebè kí oòrùn má lè fa omi sókè. Ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ wà lásán láàárín ìkórè àti ìgbìn, nítorí àsìkò yẹn ni iyọ̀ ń gòkè jù.

Irúgbìn náà kò dọ́gba nínú ìfaradà. Àlùbọ́sà wà lára àwọn tí kò lè fara dà á rárá: bí EC ilẹ̀ bá ti ju 1.2 dS/m lọ ni irè rẹ̀ ti ń dínkù. Àgbàdo ń bẹ̀rẹ̀ ní 1.7, tòmátì ní 2.5, ìrẹsì ní 3.0, ẹ̀wà ní 4.9, àlìkámà ní 6.0, ọkà bàbà ní 6.8, òwú ní 7.7. Ilẹ̀ tí EC rẹ̀ jẹ́ 4 lè gba nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 lára irè àlùbọ́sà, kó sì gba bíi 15 péré lára ti tòmátì. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbé àlùbọ́sà kúrò lápá ìsàlẹ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀.

Aláàlùbọ́sà Kádàwá

Mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá, mo sì ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo ki páìpù méjì bọlẹ̀. Lápá òkè, omi wà ní 190 sẹ̀ǹtímítà. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá kánààlì, 80 péré ni lọ́jọ́ kejì tí mo bomi rin oko. Nígbà tí mo gbọ́ tí òkúta kan omi kíákíá bẹ́ẹ̀, àyà mi já. Mo tọ gọ́tà lọ sísàlẹ̀ bí Ọmọ Zaria ti wí, mo sì bá kachalla níbẹ̀ tó ga ju èmi lọ, tí omi dúró sinsin lẹ́yìn rẹ̀. Àgbẹ̀ mọ́kànlá la jọ jáde fún ọjọ́ mẹ́rin tí a fi gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi abẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀ oko ti lọ sí 130.

Mo dán ife dígí wò lórí fèrèsé. Ti ìsàlẹ̀ mọ́ kedere, kódà lẹ́yìn tí mo ti fọ̀ ọ́. Ti ibi dúdú yẹn tú bí ẹ̀kọ mímu, ó sì wà bẹ́ẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èsì Zaria náà bá a mu: nísàlẹ̀, EC jẹ́ 7.2, pH 7.9, ESP 8. Níbi dúdú, EC 2.1, pH 9.3, ESP 27. CEC ibẹ̀, ìyẹn bí ilẹ̀ náà ṣe lè di èròjà mú tó, jẹ́ 18. Ibi dúdú náà kò ju ìdámẹ́rin hẹ́kítà lọ. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ bá mi kí àwọn mọ́kànlá náà.

Apá ìsàlẹ̀ kò nílò jípísọ́mù rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Omi àti gọ́tà ni iṣẹ́ ibẹ̀. Láti fọ nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 iyọ̀ kúrò nínú 60 sẹ̀ǹtímítà ilẹ̀, ó ń gba omi tó ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà, tó ń wọlẹ̀ gba abẹ́ gbòǹgbò kọjá. Omi yìí pọ̀ jù láti rà tàbí láti bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n òjò Kánò tó nǹkan bí 700 sí 900 mílímítà lọ́dún, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí òjò oṣù kẹfà tó dé, ẹ tẹ́ ilẹ̀ náà kó dọ́gba, ẹ mọ odi kékeré yí i ká kí òjò má ṣe ṣàn dànù, kí ẹ sì gbin ìrẹsì sínú rẹ̀. Irè rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ lè má pọ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ da omi kánààlì sí i, ẹ dà á lásìkò òtútù tí oòrùn kò tíì mú, bí àwọn àgbẹ̀ Uzbekistan ti ń ṣe lọ́dọọdún, díẹ̀díẹ̀ sì ni, kí ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ tán kí ẹ tó da òmíràn.

Ibi dúdú ló ń fẹ́ jípísọ́mù. Láti mú ESP rẹ̀ wálẹ̀ láti 27 dé 10 nínú 15 sẹ̀ǹtímítà òkè, pẹ̀lú CEC 18, ìṣirò mi fún hẹ́kítà kan jẹ́ tọ́ọ̀nù 5.5, fún ìdámẹ́rin, ó jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1.4, ìyẹn àpò 28 tó jẹ́ kìlógíráàmù 50, bó bá jẹ́ ògidì. Èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀ wa, bí ti Nafada ní Gombe, Fika ní Yobe àti Wurno ní Sokoto, kì í ṣe ògidì látòkèdélẹ̀. Bí ìdá 80 nínú 100 bá jẹ́ jípísọ́mù, àpò 34 sí 35 ni kí ẹ rà. Kí ó jẹ́ lílọ̀, kí ẹ sì fún ọsàn sí i bí Ìyá Oníresì ti wí.

Ẹ fọ́n ọn káàkiri, ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ 10 sẹ̀ǹtímítà òkè ilẹ̀ péré, ẹ má rì í jìn. Lítà omi kan kì í yọ́ ju nǹkan bíi gíráàmù 2.4 jípísọ́mù lọ, nítorí náà yóò gbà tó omi tó ga tó 23 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán, kó tó yọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí omi dúró lórí rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbin ìrẹsì. Ẹ ti rí bí álọ́ọ̀mù ṣe ń kó ẹrẹ̀ inú omi kànga jọ sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Bí calcium inú jípísọ́mù ṣe ń kó hóró amọ̀ jọ padà nìyẹn, tí sodium á sì bá omi lọ. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà sọ ilẹ̀ oníkáún púpọ̀ di oko ní Punjab, Haryana àti Uttar Pradesh ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti dá ilé ìwádìí ilẹ̀ oníyọ̀ sílẹ̀ ní Karnal ní 1969: jípísọ́mù ṣáájú, ìrẹsì tẹ̀ lé e, àlìkámà lẹ́yìn náà.

Ìyá Oníresì

Ọmọ mi, bí o bá ti fẹ́ gbin ìrẹsì síbi dúdú yẹn, jẹ́ kí ọmọ ìrẹsì tí o kọ́kọ́ gbìn lọ́tọ̀ dàgbà díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kí o tó ṣí i lọ síbẹ̀, kí o sì gbìn ín mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ sójú kan, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni yóò kú. Má sì jẹ́ kí ojú ilẹ̀ náà gbẹ láàárín.

Aláàlùbọ́sà Kádàwá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá àwọn awakọ̀ tó ń ti Nafada bọ̀ sọ̀rọ̀, mo sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n fún ọsàn sí i. Ẹ̀wà àti ọkà bàbà ni mo máa gbìn sí àárín òkè àti ìsàlẹ̀ lọ́dún yìí, àlùbọ́sà á kó lọ sí òkè pátápátá. Lẹ́yìn ìkórè ìrẹsì, mo máa tún bu iyẹ̀pẹ̀ lójú ibi kan náà lọ sí Zaria, mo sì máa kọ nọ́ńbà tuntun náà síhìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́.